Èjìká Tí Aránṣọ Fà

"Ẹ gbé ọwọ́ yín sókè díẹ̀," ni aránṣọ wí, ó na téèpù rẹ̀. Obìnrin náà gbé ti òsì. Ti ọ̀tún kò kọjá àyà tó fi dúró gbagidi. Omi lé róró sí i lójú, síbẹ̀ ó ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì ń kọ mọ̀nà.

"Ibi tó lè dé nìyẹn. Ẹ fojú bu ìyókù."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni aránṣọ wọn èjìká kan náà.

"Ṣé ó tún ń tóbi sí i ni?" ni obìnrin náà bi í.

Báyìí ni aránṣọ, ọkùnrin ẹni ọdún méjìdínláàádọ́ta, tí kò gbéyàwó rí, ṣe kó sínú ìfẹ́ opó onídìrí.

Kò pẹ́ tí obìnrin náà fi ń pè é ní "Alábẹ́rẹ́ mi." Ṣùgbọ́n èjìká ò jẹ́ kí wọ́n gbádùn. Onídìrí tí ọwọ́ rẹ̀ kò dé orí oníbàárà, kí ló fẹ́ fi ṣiṣẹ́? Ó jókòó sórí àga, ó ní kí àwọn oníbàárà jókòó sílẹ̀, ìyẹn náà ò pẹ́ tó fi dópin. Ó ti ṣọ́ọ̀bù.

Ara aránṣọ ò gbà á. Ó mọ aṣọ tó bá súnkì: èèyàn á fi omi rin ín, á fi áyọ́ọ̀nù gbóná sí i, á máa fà á. Ó gbé ọgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ lọ sórí ẹran ara. Lálaalẹ́, ó ń fi tówẹ́ẹ̀lì gbígbóná lé èjìká náà, ó sì ń fà á.

"Ó tó, jọ̀ọ́!"

"Fara dà á, olólùfẹ́. Ó máa tó nà."

Lọ́jọ́ kẹwàá, onídìrí kò lè gbé ṣíbí dé ẹnu.

"Ta ló ń fa ọwọ́ yìí?" ni dókítà béèrè. Aránṣọ tẹrí ba. "Awọ tó yí oríkèé èjìká ká ló wú, tó sì ń gbóná nínú. Bó ṣe ń wú bẹ́ẹ̀ ló ń nípọn, tó ń le, tó wá há ọwọ́ mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá ń fà á tipátipá lásìkò yìí, ńṣe ló ń dá kún un. Ẹ máa rọra gbé e níwọ̀n tí kò dùn yín. Ó lè gba ọdún méjì. Ó sì lè má padà tán."

Nígbà tí wọ́n délé, onídìrí ní, "Má wá síbí mọ́." Ó sọ fún bàbá rẹ̀ pé òun ṣubú ni.

Oṣù mẹ́rin gbáko ni aránṣọ fi sunkún lórí máṣíìnì rẹ̀. Ó kórìíra ọwọ́ ara rẹ̀. Oúnjẹ ò wọ ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, àánú ara rẹ̀ ò sì ṣe é. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, onídìrí ránṣẹ́ pè é.

"Bàbá mi ń yìn ọ́ lójoojúmọ́ pé o tọ́jú èjìká mi, mi ò lè fara dà á mọ́. Lọ sọ ohun tí o ṣe fún wọn."

Aránṣọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú bàbá náà. "Kò ṣubú, bàbá. Èmi ni mo fà á."

"Ṣé ó ké?"

"Ó ké, sà."

"O ò sì dáwọ́ dúró?"

"Mi ò dáwọ́ dúró."

Bàbá wò ó títí, ojú rẹ̀ pọ́n. "Ó ká mi lára gan-an. Ṣùgbọ́n òun ló ni èjìká. Ohun tó bá wí ni abẹ gé."

Onídìrí dìde. Ó rìn wá, ó jókòó ti aránṣọ, ó sì fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún sọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ tí kì í jẹ́ kẹ́nikẹ́ni súnmọ́. Ẹ̀rù ba aránṣọ, kò lè mira.

"Ó lè má san o," ni onídìrí wí.

"Mo gbọ́."

"Bàbá, ẹ bá wa dá ọjọ́ ìgbéyàwó."