Òdòdó Inú Ìkòkò Yusrah

Òdòdó kan hù lórí bálíkónì wa ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, nínú ìkòkò tí ẹnikẹ́ni kò gbin nǹkan kan sí. Orí rẹ̀ pupa bíi búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n tì bọ ọ̀dà. Làtíìfù, ọkọ mi, ní ẹ̀bùn Ọlọ́run ni. Èmi kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá.

Inú ìkòkò yẹn ni ìyá ọkọ mi sin ibi ọmọ sí nígbà tí mo bí Yusrah. Wọ́n ní a kì í fi ibi ọmọ sílẹ̀ ní ọsibítù bí ẹni da ìdọ̀tí nù. A ò ní ilẹ̀. Council, ìjọba ìbílẹ̀, ló ni gbogbo rẹ̀. Wọ́n rán ọkọ mi lọ ra ìkòkò ńlá àti àpò erùpẹ̀ kan, wọ́n sin ín, wọ́n sì padà sí Ìwó. Ta ló bi èmi léèrè?

Yusrah ti pé ọmọ ọdún mẹ́ta báyìí. Láti ìgbà tí òdòdó yẹn ti yọ ló ti ń rù, bẹ́ẹ̀ ó ń jẹun dáadáa. Àwọn dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò títí, wọn kò rí nǹkan kan. Bí ọmọ mi ṣe ń rù ni òdòdó ń sanra.

Mo pe Uncle Ọbanijésù tó ń gbé ìsàlẹ̀ wa, tí wọ́n ń kọ́ni nípa ewéko ní yunifásítì. Wọ́n wò ó pẹ́, wọ́n fi ìka tú erùpẹ̀ ìdí rẹ̀ díẹ̀. Wọ́n ní inú igbó kúkúrú ilẹ̀ gbígbẹ, ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, nilé rẹ̀; bó ṣe dé Peckham kò yé wọn.

"Àfòmọ́ ni," wọ́n rọra sọ. "Ṣùgbọ́n kì í gun orí igi. Abẹ́ ilẹ̀ ló ti ń wọnú gbòǹgbò ẹlòmíì, á máa mu oje rẹ̀. Mummy Yusrah, kí lẹ gbìn tì í?"

Mo ní a ò gbin nǹkan kan. Wọ́n ní nǹkan kan ń bọ́ ọ nísàlẹ̀ níbẹ̀. Ojú tì mí, n kò lè sọ ohun tó wà níbẹ̀. Mo kàn bèèrè bóyá mo lè fà á tu.

"Ẹ lè fà á. Àmọ́ wọ́n ti wọnú ara wọn. Èyí tó ń bọ́ ọ lè bá a lọ."

Nígbà tí wọ́n lọ, inú bí mi. Mi ò ní jókòó máa wo ohun tó ń jẹ ọmọ mi. Mo di ìdí òdòdó náà mú, mo fà á. Ó gbóná lọ́wọ́ mi. Erùpẹ̀ gbéra díẹ̀.

Yusrah ń sùn ní yàrá. Ọmọ yẹn kì í sọ Yorùbá. Òyìnbó ló ń sọ fún gbogbo wa. Ohùn rẹ̀ jáde wá, ó rẹlẹ̀, kò sunkún.

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fà mí."

Mo jọ̀wọ́ rẹ̀. Mo tẹ erùpẹ̀ náà padà. Láti ọjọ́ náà, èmi tí mo kórìíra rẹ̀ ni mò ń bomi rin ín láràárọ̀, tí mo sì ń bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣẹ́ díẹ̀ kù fún ọmọ mi.