Ọwọ́ Àǹtí Oníwáyà

Irọ́ kan tí kò ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ, tí ọmọbìnrin kan pa nítorí pé ó ń kánjú, ni ó ba ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ jẹ́.

Kòjókòó ni gbogbo ènìyàn ń pe ọmọ náà, títí kan àwọn olùkọ́ rẹ̀. Bí ó bá ń jẹun, yóò ti dìde bí ẹ̀ẹ̀mẹta kí àwo tó ṣófo. Bí ó bá ń kàwé, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan yóò máa gbọ̀n lábẹ́ tábìlì títí ìwé náà yóò fi máa mì. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ni ó ń gbé. Obìnrin yìí ń tún rédíò àti ẹ̀rọ orin ṣe nínú yàrá iwájú ilé rẹ̀, àdúgbò sì ń pè é ní Àǹtí Oníwáyà.

Ní ọjọ́ tí wọ́n gbé rédíógíràmù kan wálé, Àǹtí di orí rẹ̀ mú, Bàbá Onígbàjámọ̀ tí ó ni ín di ìdí rẹ̀ mú, Kòjókòó sì fi èjìká ti àárín rẹ̀. Àpótí igi gígùn ni, aláwọ̀ ilẹ̀, ó sì wúwo. Ọkùnrin kan tí ó ń bọ̀ lójú títì dúró, ó ṣí fìlà.

"Ẹ kú ará fẹ́ra kù o. Ta ló ṣaláìsí?"

"Orin ni," Bàbá Onígbàjámọ̀ dá a lóhùn. "À ń gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tí yóò jí i."

Ẹ̀rín pa Kòjókòó, àpótí náà sì fì sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Di í mú!" Bàbá kígbe. "Bí o bá ju igi yìí sí mi lẹ́sẹ̀, èmi gan-an ni ẹ óò gbé tẹ̀ lé e!"

Láti ìgbà tí Bàbá ti wà ní ọ̀dọ́ ni rédíógíràmù náà ti wà nínú ṣọ́ọ̀bù tí ó ti ń gẹrun. Rédíò wà nínú rẹ̀, ibi tí wọ́n ń gbé àwo orin sí wà nínú rẹ̀, ohùn sì ń jáde lọ́tùn-ún àti lósì. Nígbà tí ó dákẹ́, Bàbá sọ ọ́ di tábìlì tí ó ń kó òòyà lé. Ní báyìí, ọmọ rẹ̀ fẹ́ wá mú Bàbá lọ sí ìlú mìíràn, ṣọ́ọ̀bù náà sì ti fẹ́ di títì.

"N kò fẹ́ kí ó di igi ìdáná," ó sọ fún Àǹtí. "Mo fún ọ. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń bẹ̀ ọ́: jẹ́ kí n gbọ́ ohùn rẹ̀ kí n tó lọ."

"Ẹ óò gbọ́ ọ, Bàbá," ni Àǹtí wí. Kì í ṣe obìnrin tí ń ṣèlérí káàkiri.

Irun ni wọ́n kọ́kọ́ bá nígbà tí wọ́n tú ẹ̀yìn rẹ̀. Irun dúdú, irun funfun, ó dì mọ́ àwọn wáyà bí ìtẹ́ eku.

"Yéè! Àǹtí, irun ta nìyí?"

"Irun gbogbo orí tó wà ládùúgbò yìí. Ti olórí ilé ẹ̀kọ́ yín náà wà níbẹ̀, nígbà tí ó ṣì ní irun."

Wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì ìkunlé gbá a kúrò. Wọ́n yọ àwọn fáàfù rẹ̀ jáde, ìyẹn àwọn gílóòbù onígíláàsì tí kì í jẹ́ kí irú ẹ̀rọ àtijọ́ bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ títí wọn yóò fi gbóná. Kòjókòó fi aṣọ nù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Àǹtí, ẹ jẹ́ ká tan án wò."

"Rárá."

"Díẹ̀ péré!"

"Ohun tó ti sùn tó báyìí, bí o bá rọ́ iná lù ú lójijì, yóò jóná. Wá wo nǹkan."

Ó fi àwọn agolo kéékèèké kan hàn án lábẹ́ irin pẹlẹbẹ tí gbogbo wáyà so mọ́.

"Àwọn wọ̀nyí ni ń tọ́jú iná. Wọ́n ti gbẹ, n óò pààrọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n gbọ́ èyí dáadáa. Bí o bá pa iná, tí o yọ wáyà lára ògiri, iná ṣì wà nínú agolo. Bí fáàfù kò bá sí nídìí rẹ̀, kò sí ohun tí yóò ná iná náà tán. Kò ní dún, kò ní gbóná, o kò ní rí i. Yóò kàn dúró dè ọ́."

Ó gbé wáyà pupa kan tí òun fúnra rẹ̀ ṣe sílẹ̀. Ẹnu irin wà lórí rẹ̀ méjèèjì, ohun funfun kan tí ń jẹ iná náà díẹ̀díẹ̀ sì wà láàrin rẹ̀.

"Ẹni tó bá pa iná ni yóò fi èyí kan agolo, yóò sì dúró títí mítà tí ń wọn iná yóò fi ka òdo. Ìgbà náà ni yóò tó pariwo pé, 'Ó ti kú.' Bí n kò bá gbọ́ ọ, ọwọ́ mi kò ní wọ ibẹ̀. Bí mo bá gbọ́ ọ, n kò ní yẹ̀ ọ́ wò. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Àǹtí."

"Kí lo gbọ́?"

Kòjókòó tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kì í ṣe ọmọ tí orí rẹ̀ kú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kì í gbọ́rọ̀.

Ó kọ́kọ́ ṣe é bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ mítà náà ń sọ̀ kalẹ̀ bí arúgbó tí ń ti orí àtẹ̀gùn bọ̀, ara Kòjókòó a sì máa yún un. Yóò gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, yóò gbé ẹsẹ̀ òsì, yóò wo fèrèsé. Ohun gbogbo ń lọ lóde, òun sì ń wo abẹ́rẹ́.

Ó wá ku ọ̀la kí Bàbá Onígbàjámọ̀ lọ. Ọjọ́ Sátidé ni, oòrùn mú. Wọ́n ti pààrọ̀ àwọn agolo, wọ́n ti fi epo nu igi náà títí ó fi ń dán. Àǹtí ní kí Kòjókòó tan iná láìtíì fi fáàfù sí i, kí ó wo ohun tí mítà yóò kà. Òun alára ń fọ epo kúrò lọ́wọ́ lẹ́yìn ilé. Bàbá ti ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀.

Orí kan yọ lójú fèrèsé. Ọ̀rẹ́ Kòjókòó nílé ẹ̀kọ́, tí wọ́n ń pè ní Pupa, ni.

"Ṣé o ṣì ń ṣọ́ pósí yín?"

"Kì í ṣe pósí."

"Ó dáa. Òkú inú rẹ̀ ńkọ́, ṣé ó ti jí?"

"Pupa, máa bá tìrẹ lọ."

"Tèmi ni mò ń bá lọ o. Ẹ̀gbọ́n mi gbé alùpùpù rẹ̀ wá. Ó ní kí oníkálukú wa gùn ún yí pápá ká lẹ́ẹ̀kan, ó sì ti fẹ́ máa lọ. Wá, tàbí kí o jókòó máa nu igi pẹ̀lú àwọn àgbà."

"Dúró dè mí!"

"Ta ló ń dúró? O ò rí i pé mo ti ń lọ ni?"

Àǹtí pariwo láti ẹ̀yìn ilé. "Kí ni mítà wí?"

"Ó pé, Àǹtí! Ibi tí ẹ ní kó dúró ló dúró!"

"O ṣeun. Pa á. N óò wá ti fáàfù bọ̀ ọ́, ká lè gbọ́ ohùn rẹ̀ lónìí."

Kòjókòó pa á. Ó yọ wáyà lára ògiri. Wáyà pupa wà ní òpin tábìlì, lábẹ́ aṣọ ìnulẹ̀. Lóde, alùpùpù ké.

"Ó ti kú!" ni Kòjókòó pariwo. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà. "Àǹtí, mo ń jáde o!"

"Má pẹ́ o," ni Àǹtí wí.

Alùpùpù náà dùn ún gùn. Afẹ́fẹ́ ń gbá a lójú, Pupa ń pariwo lẹ́yìn rẹ̀, fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà ara rẹ̀ sì balẹ̀. Kò tíì yí pápá tán tí ó fi rí ọkùnrin kan tí ń sáré bọ̀ láàrin koríko, tí aṣọ rẹ̀ kún fún ẹ̀jẹ̀. Bàbá Onígbàjámọ̀ ni.

"Àǹtí rẹ! Wá, Àǹtí rẹ o!"

Iná náà gbá Àǹtí, ṣùgbọ́n kì í ṣe iná ni ó ṣe iṣẹ́ ibi náà. Bí iná bá gbá ènìyàn, onítọ̀hún yóò fa ọwọ́ rẹ̀ yọ kí ó tó ronú. Àǹtí fa ọwọ́ yọ, etí irin pẹlẹbẹ yẹn sì là á lọ́rùn ọwọ́ bí ọ̀bẹ. Dókítà rán ojú ọgbẹ́ náà. Ó ní iṣan ti gé, òun ti so wọ́n pọ̀, ṣùgbọ́n òun kò lè ṣèlérí.

Ní ilé ìwòsàn, Àǹtí bi í léèrè kan péré.

"Ṣé o fi wáyà kàn án?"

Òtítọ́ wà lẹ́nu Kòjókòó. Ó gbé e mì.

"Mo fi kàn án, Àǹtí. Bóyá wáyà yẹn ló ti já nínú."

Àǹtí wò ó. "Ó ṣeé ṣe," ni ó wí.

Ní ọjọ́ kejì, ọmọ Bàbá wá mú un lọ. Bàbá kò gbọ́ ohùn rédíógíràmù náà kí ó tó lọ.

Nígbà tí Àǹtí dé ilé, kò sinmi. Ó jókòó ti tábìlì, ó fi ọ̀bẹ la wáyà pupa náà láti wá ibi tí ó ti já. Ọwọ́ òsì ni ó fi ń ṣe é, ọ̀bẹ ń yọ̀. Kò rí nǹkan kan. Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí. Ó ti ṣe irú wáyà bẹ́ẹ̀ fún àwọn atúnrédíòṣe mìíràn, ó sì ránṣẹ́ sí gbogbo wọn pé kí wọ́n má lò ó mọ́. Ọ̀kan nínú wọn wá dá tirẹ̀ padà, kò sì fi ìwọ̀sí rẹ̀ pamọ́.

"Ẹ mà ní ẹ mọ iṣẹ́," ni ó wí, ó sì jáde.

Kòjókòó dúró, ó jókòó, ó tún dìde.

"Àǹtí, ẹ fi wáyà yẹn sílẹ̀."

"Bí iṣẹ́ ọwọ́ mi bá lè pa ènìyàn, ó yẹ kí n mọ ibi tí mo ti ṣì í."

"Ẹ kò ṣì í." Omi ti kún ojú rẹ̀. "Wáyà náà kò já. N kò fi kàn án. N kò tilẹ̀ mú un lọ́wọ́."

Àǹtí fi ọ̀bẹ lélẹ̀.

"Ìgbà wo lo fẹ́ sọ fún mi?"

"Ẹ̀rù bà mí, Àǹtí. Mo kàn ń kánjú ni."

"Ìkánjú kò pa mí lára. Ká ní o sáré jáde láìsọ nǹkan kan, ọwọ́ mi ìbá dá ṣáṣá lónìí. Ǹ bá dúró, n kì bá sì fọwọ́ kan nǹkan kan. Kì í ṣe inú àpótí ni mo ti ọwọ́ bọ̀, ìwọ ọmọ yìí. Inú ọ̀rọ̀ rẹ ni."

Kòjókòó lọ sí ọ̀dọ̀ gbogbo àwọn atúnrédíòṣe náà fúnra rẹ̀. Ó sọ fún wọn pé òun ni òun purọ́. Àwọn kan bú u. Ó dúró, ó gbọ́ ọ tán.

Lẹ́yìn náà, Àǹtí jókòó sórí àga, ó ń sọ ohun tí Kòjókòó yóò ṣe, ọmọ náà sì ń ṣe é, títí rédíógíràmù náà fi sọ̀rọ̀. Ó kọ́kọ́ kùn, fáàfù pọ́n díẹ̀díẹ̀, ohùn obìnrin kan tí ń kọrin sì jáde, ó nípọn, ó sì gbóná, ó kún yàrá. Wọ́n pe Bàbá Onígbàjámọ̀ lórí fóònù, wọ́n gbé fóònù náà sí ẹnu ẹ̀rọ.

"Mo gbọ́," ni Bàbá wí. "Ó jọ ọ́. Ṣùgbọ́n inú fóònù ni."

Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka èyí, bí ẹ kò bá tíì ṣe iṣẹ́, ẹ sọ pé ẹ kò tíì ṣe é. Wọn yóò bá yín wí, ìbáwí yóò sì tán. Ẹ má sọ pé ó ti parí nígbà tí kò tíì parí, nítorí ẹnì kan lè gbà yín gbọ́.

Ọgbẹ́ Àǹtí jinná, ṣùgbọ́n àtàǹpàkò rẹ̀ kò pàdé ìka tó kù mọ́, kò sì lè di irin tí wọ́n fi ń yọ́ òjé mú. Àwọn oníbàárà kò fẹ́ fi rédíò wọn sílẹ̀ fún ọmọ ilé ẹ̀kọ́, wọ́n sì yà sí ibòmíràn. Àǹtí ti ilẹ̀kùn yàrá iwájú pa. Gbogbo ìgbà èwe rẹ̀ ni ó fi kọ́ iṣẹ́ náà, kò sí ọ̀gá tí ó kọ́ ọ. Ní báyìí, ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ ńlá kan ni ó ń dúró sí láàárọ̀, ó ń fi ọwọ́ òsì ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn tí ń wọlé.