Hóò! Yá! Ọkọ̀ Ìwé Ń Bọ̀

Rọ̀kíbátù jí. Lónìí, òun ló jí àkùkọ!

Òní ni Sátidé. Òní lọkọ̀ ìwé ń bọ̀ ní Ẹ̀pẹ́!

Ṣé ẹ mọ ọkọ̀ ìwé? Ọkọ̀ ojú omi ni. Ìwé ìtàn ló kún inú rẹ̀ bámúbámú. Ìwé erin wà níbẹ̀. Ìwé ìràwọ̀ wà níbẹ̀. Ìwé ewúrẹ́ tó wọ bàtà náà wà níbẹ̀! Gbogbo ọmọdé ló lè wọlé kàwé, ọ̀fẹ́ sì ni.

"Màámi, ṣé ó ti dé?"

"Rọ̀kí, ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ ni."

"Màámi, ṣé ó ti wá dé báyìí?"

"Jẹ́ kí n fọ ọṣẹ kúrò létí ẹ ná!"

Ni wọ́n bá gbọ́ ariwo lójú títì. Ẹnì kan ń fi gbohùngbohùn kéde.

"Ẹ gbọ́ o! Koríko ti dí èbúté o! Ẹni tó bá lè ṣèrànwọ́, kó máa bọ̀ o! Kó máa bọ̀ o!"

"Èmi lè ṣèrànwọ́!" ni Rọ̀kíbátù wí.

Ó sáré. Pàtà, pàtà, pàtà! Màámi náà sáré tẹ̀lé e.

Wọ́n dé èbúté. Yéè! Omi dà?

Koríko ojú omi ló bò ó. Koríko níhìn-ín, koríko lọ́hùn-ún. Ó tẹ́ lọ rẹrẹ bíi pápá bọ́ọ̀lù. Atẹ́gùn ló gbá gbogbo rẹ̀ wá.

Ọkọ̀ ìwé sì ti dé! Ẹ wò ó lọ́ọ̀ọ́kán, ó pupa fòò. Tù-tù-tù-tù! Ṣùgbọ́n kò lè kọjá.

Àǹtí Tiwalọlá, tó ń tọ́jú àwọn ìwé, dìde nínú ọkọ̀. Ó káwọ́ mẹ́nu.

"Ẹ̀yin ará Ẹ̀pẹ́! A ò lè dúró pẹ́ o! Wọ́n ń dúró dè wá nílùú kejì!"

Rọ̀kíbátù káwọ́ lérí. Ha! Kí ọkọ̀ ìwé má lọ o!

Àwọn ènìyàn ti pé jọ. Bàbá Glory, apẹja Ìlàjẹ, gbé àwọ̀n ńlá wá. Wọ́n fi àwọ̀n náà ká koríko mọ́. Wọ́n so okùn méjì mọ́ ọn. Bàbá Glory àtàwọn apẹja di okùn òsì mú. Àlàájì Mubashir, tó máa ń kan ọkọ̀, di okùn ọ̀tún mú pẹ̀lú àwọn tirẹ̀.

"Bàbá Glory, ẹ jẹ́ kí n bá yín fà á!"

"Rárá o. Okùn á wọ́ ọ sómi."

"Àlàájì, ẹ jẹ́ kí n bá yín fà á!"

"O kéré, ọmọ mi."

Rọ̀kíbátù rí réèkì kan tí wọ́n fi ń wọ́ koríko jọ nílẹ̀. Ó gbé e. Réèkì gùn jù ú lọ. Gbàà! Réèkì ṣubú. Rọ̀kíbátù náà ṣubú.

Màámi gbé e dìde. "Jókòó sórí àpótí yìí. Ìwọ ṣáà máa wò wá."

Inú Rọ̀kíbátù bà jẹ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ó jókòó. Ó ranjú kalẹ̀. Ó ń wò.

Àlàájì kígbe. "Ení! Èjì! Ẹ̀ta!"

Fìì! Koríko yí sápá òsì.

Fìì! Koríko yí sápá ọ̀tún.

Kò wá síwájú rárá!

"Ẹ̀yin lẹ ò fà á!" ni Bàbá Glory wí.

"Àwa kẹ̀? Ẹ̀yin gan-an lẹ ò fà á!" ni Àlàájì wí.

Wọ́n tún gbìyànjú. "Ení! Èjì! Ẹ̀ta!"

Fìì, sósì. Fìì, sọ́tùn-ún. Òógùn ń kán tó, tó, tó.

Ọkọ̀ ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Tù... tù... tù...

Rọ̀kíbátù fò dìde. "Mo ti rí i! Mo ti rí i!"

"Kí lo rí? Ejò?" Àwọn àgbà bẹ́ sẹ́yìn, gìrìgìrì!

"Kì í ṣe ejò! Ẹ̀ta ni!"

Rọ̀kíbátù kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ sà. Bí Àlàájì bá ṣe ń pe ẹ̀ta báyìí ni Bàbá Glory ti ń fà á. Àmọ́ àwọn Àlàájì, wọ́n máa ń pe ẹ̀ta tán kí wọ́n tó fà á."

Bàbá Glory wo Àlàájì. Àlàájì wo Bàbá Glory.

Ni Àlàájì bá bú sẹ́rìn-ín. "Àgbà bíi tiwa! Ẹ̀ta lásán ló ń yọ wá lẹ́nu!"

"Rọ̀kí," ni Bàbá Glory wí, "báwo la ṣe máa wá ṣe é?"

"Ẹ má kà á mọ́ sà. Èmi á ní Hóò! Gbogbo yín á ní Yá! Bí ẹ bá ṣe ń sọ Yá, ẹ fà á."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Pè é, ọmọ mi!"

Màámi gbé e sórí èjìká. Rọ̀kíbátù mí kanlẹ̀.

"Hóò!"

"Yá!"

Ṣàà! Koríko sún.

"Hóò!"

"Yá!"

Ṣàà! Koríko tún sún. Àwọn ìyá ẹlẹ́ja dáhùn. Àwọn ọmọdé dáhùn. Àǹtí Tiwalọlá pàápàá dáhùn láti inú ọkọ̀!

"HÓÒ!"

"YÁ!"

Wọ́ọ́ọ́ọ́! Koríko gòkè wá sórí ilẹ̀ pátápátá. Ẹja kan jábọ́ nínú rẹ̀, ó ń ta pọ́ún pọ́ún. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín títí.

Ẹ wo omi! Omi ti yọ! Ó ń dán yinrin yinrin.

Ọkọ̀ ìwé kọjú sí èbúté. Tù-tù-tù-tù-tù! Ó ń bọ̀! Ó ń bọ̀! Gbọ̀ọ́! Ó ti dé!

"Àlùhámúdùlíláì!" ni Àlàájì wí.

"Ògo!" ni Bàbá Glory wí.

Àǹtí Tiwalọlá na ọwọ́. "Ta ló máa kọ́kọ́ wọlé?"

"Rọ̀kí ni! Rọ̀kí ni!"

Rọ̀kíbátù gbé ẹsẹ̀ kan sínú ọkọ̀. Ọkọ̀ mì jẹ̀jẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ kejì sí i. Ìwé rèé lápá ọ̀tún. Ìwé rèé lápá òsì. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò mọ èyí tó máa mú.

Ó rí ìwé ewúrẹ́ tó wọ bàtà. Ó mú un. Ó jókòó. Ó ṣí i.

Níta, ariwo pọ̀. Ọmọdé ń fò. Àgbà ń kọrin.

"Rọ̀kí!" ni Màámi pè. "Wá jẹ àkàrà!"

Rọ̀kíbátù ṣí ojú ìwé mìíràn.

"Rọ̀kíbátù o! Àkàrà gbígbóná!"

Rọ̀kíbátù ò gbọ́. Òun àti ewúrẹ́ ti jọ ń lọ nínú ìtàn.