Bí Àbùmọ́ Ṣe Sọ Ikọ́ Bàbá Rẹ̀ Di Lọ́rì

"Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará kíláàsì wa tí wọ́n há mọ́lé bí adìyẹ! Oníròyìn yín ló tún dé!"

Inú balùwẹ̀ ni ọmọkùnrin náà jókòó sí, lórí korobá tó dojú dé, ó gbé fóònù màmá rẹ̀ sún mọ́ ẹnu bí ẹni fẹ́ gbé e mì. Ó ti ti ilẹ̀kùn látinú. Láti ìgbà tí kónílé-ó-gbélé ti bẹ̀rẹ̀, balùwẹ̀ nìkan ló kù nínú ilé yẹn tí èèyàn ti lè dá sọ̀rọ̀, kí ẹnikẹ́ni má bi í pé ta ló ń bá wí.

Àbùmọ́ ni wọ́n ń pè é. Olùkọ́ wọn ló sọ ọ́ lórúkọ lọ́jọ́ tí wọ́n ń kọ́ ọnà èdè. Olùkọ́ ní kí ẹnì kan fún òun ní àpẹẹrẹ àbùmọ́, ọmọ yìí bá dìde, ó ní ẹ̀fọn ilé àwọn a máa kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé, tí wọn ò bá sì tètè ṣí i, a fi èjìká gbá a wọlé. Olùkọ́ ní, "Jókòó. Àbùmọ́ fúnra rẹ̀ ló dìde yìí." Orúkọ náà lẹ̀ mọ́ ọn bí àtè.

"Ẹ gbọ́," ó ń bá ìròyìn lọ, "màmá mi ti fi ọṣẹ wẹ búrẹ́dì lónìí! Wọ́n ní ọ̀rá ẹ̀ làwọn ń fọ̀ kí àrùn má bàa wọlé, àmọ́ omi ráyè wọnú ẹ̀, búrẹ́dì bẹ̀rẹ̀ sí í hó yeee! Mo jẹ ẹ́, mo sọ̀rọ̀, ìfófòó ń jáde lẹ́nu mi. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ńkọ́? Àtàárọ̀ ló ti wà ní kíláàsì orí fóònù. Ẹ̀kọ́ tó kọ́ ò ju 'Sà, ṣé ẹ ń gbóhùn mi?' lọ. Ká ní ìyẹn ni wọ́n máa bi í nínú ìdánwò, ipò kìíní ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́!"

Ohùn kan dún láti pálọ̀. "Ẹ̀hẹ̀m. Ẹ̀hẹ̀."

Ikọ́ ni. Ikọ́ kékeré báyìí, bíi ti ẹni tí nǹkan há díẹ̀ lọ́nà ọ̀fun. Bàbá Àbùmọ́, aránṣọ, ló ń wúkọ́ nídìí maṣíìnì. Àmọ́ ta ló máa sọ ikọ́ kékeré fún ayé?

"Ẹ gbọ́ ìyẹn? Bàbá mi nìyẹn! Wọ́n ń wúkọ́ bí lọ́rì tó ru òkúta gun òkè! Wọ́n wú u lẹ́ẹ̀kan, fèrèsé ṣí! Àfi bí ẹni pé kòrónà fúnra ẹ̀ ló gba yàrá lọ́dọ̀ wa!"

Ó tẹ fóònù, ohùn tó gbà sílẹ̀ náà lọ bá gbogbo ará kíláàsì rẹ̀. Kò pẹ́ tí ẹ̀rín fi kún ojú fóònù. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ dá a lóhùn: "O máa pa èèyàn! Ṣé kí n fi ránṣẹ́ sí bùrọ̀dá mi?"

"Fi ránṣẹ́ sí gbogbo ayé, jàre!"

Ìgbà náà ni wọ́n gbá ilẹ̀kùn gbà-gbà-gbà. "Ìwọ tó wà níbẹ̀ yẹn," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ké, "ṣé ò ń bímọ ni?"

"Ẹ ní sùúrù, ẹ̀gbọ́n mi. Ìkúnlẹ̀ abiyamọ kì í ṣe kékeré."

*

Ìbòmú ni bàbá ń rán nígbà náà, torí kò sẹ́ni tó ń rán aṣọ òde nígbà tí kò sí òde tí wọ́n ń lọ. Ojú fèrèsé làwọn oníbàárà máa ń dúró sí. Bàbá á gbé ìbòmú kọ́ orí igi gígùn tó fi ń wọn aṣọ, á nà án sí wọn, wọ́n á mú un, wọ́n á máa lọ. Àbùmọ́ ti ráhùn nípa maṣíìnì yẹn títí. Ó ní ariwo ẹ̀ ń gbọn eyín òun lẹ́nu.

Àfi bó ṣe di ọjọ́ kan tí maṣíìnì dákẹ́.

Ẹnikẹ́ni ò wá sí fèrèsé lọ́jọ́ yẹn. Lọ́jọ́ kejì, kò sẹ́ni tó yọjú. Ìyá Oníbúrẹ́dì, tó ti ní kí wọ́n rán ti gbogbo òṣìṣẹ́ òun, ránṣẹ́ pé kí wọ́n má rán an mọ́. Kò sọ ìdí ẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ wá kún pálọ̀, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tó jẹ́ pé tí eṣinṣin bá rẹ́rìn-ín wọ́n á gbọ́.

Ọ̀rọ̀ náà rú Àbùmọ́ lójú. Kí ló lé àwọn èèyàn? Ṣé aṣọ ló ṣá ni? Ó na ìbòmú kan sí ìmọ́lẹ̀, kò rí ihò. Ṣé okùn etí ẹ̀ ló ń já? Ó fà á títí, etí tiẹ̀ ló fẹ́ já.

Níbi tó ti ń yẹ̀ ẹ́ wò ló ti gbọ́ ohùn bàbá ní yàrá: "Ẹni tó fẹ́ ra maṣíìnì ń bọ̀ wá wò ó lọ́jọ́ Sátidé."

"Maṣíìnì?" ni màmá ní. "Èyí tó rán àwọn ọmọ yìí níléèwé? Tó bá lọ, kí lẹ máa fi bẹ̀rẹ̀ padà?"

Bàbá kàn wúkọ́ díẹ̀.

Àbùmọ́ kò lè jókòó mọ́. Ó wọ ìbòmú rẹ̀, ó forí lé ilé búrẹ́dì. Lójú ọ̀nà, ọkùnrin kan rí i, ó sọdá sí òdìkejì títì. Ọmọ kékeré kan ké pé, "Ọmọ télọ̀ ń bọ̀!" ó sì ki eré mọ́lẹ̀. Ó ya Àbùmọ́ lẹ́nu. Àwọn ọmọ yìí ti máa ń sáré wá bá òun tẹ́lẹ̀ ni.

Ìyá Oníbúrẹ́dì ti fi tábìlì dábùú ẹnu ọ̀nà. "Dúró níbẹ̀ yẹn! Má sún mọ́ búrẹ́dì mi!"

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Mo fẹ́ bi yín ni. Kí ni bàbá mi ṣe fún yín?"

"Bàbá ẹ? Ṣé wọ́n ṣì ń mí?"

"Hàà! Wọ́n ń mu tíì nílé, mà."

Obìnrin náà wò ó lókè wò ó nílẹ̀, ó fa fóònù yọ lápò, ó tẹ̀ ẹ́. Ohùn kan bú jáde: "Wọ́n ń wúkọ́ bí lọ́rì tó ru òkúta gun òkè! Wọ́n wú u lẹ́ẹ̀kan, fèrèsé ṣí!"

Ẹnì kan ti gé ti búrẹ́dì olọ́ṣẹ kúrò, ó gé ti ẹ̀gbọ́n kúrò, ikọ́ nìkan ló ṣẹ́kù. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé: *Ọmọ aránṣọ ìbòmú ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ẹ ṣọ́ra.*

"Ṣé kì í ṣe ohùn ẹ nìyí?"

Irọ́ tó dáa wá sẹ́nu Àbùmọ́ wéré. Ó lè ní àwọn ọ̀daràn ló jí ohùn òun. Ó lè ní fóònù ti máa ń dá sọ̀rọ̀ láyé ìsinsìnyí. Ó ya ẹnu, àmọ́ ó rántí Sátidé.

"Ohùn mi ni, mà. Àmọ́ mo bù mọ́ ọn ni. Kò sí fèrèsé tó ṣí."

"Ikọ́ ńkọ́?"

"Ikọ́ díẹ̀ wà."

"Ó dáa. Kí ló ń fà á?"

Ọmọ tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu ẹ̀ wá ní, "N ò mọ̀, mà."

"O sọ ikọ́ bàbá ẹ fún gbogbo ayé," ni Ìyá Oníbúrẹ́dì ní, "o ò bi wọ́n pé kí ló ṣe yín?" Àánú ọmọ náà ṣe é. Ó gbé búrẹ́dì kan lé orí igi gígùn tí wọ́n fi ń tì í wọnú ààrò, ó nà án sí i. "Gbà. Lọ bi wọ́n."

*

Nígbà tó délé, bàbá ń gé aṣọ tó kù nílẹ̀, bóyá torí kí ọwọ́ má dilẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ wọlé lójú fèrèsé, Àbùmọ́ sì rí ohun tí kò rí rí: eruku aṣọ tín-tìn-tín ń fò lọ́wọ́ síṣọ́ọ̀sì bí ìyẹ́ adìyẹ. Bàbá gé aṣọ, ó wúkọ́. Ó tún gé e, ó tún wúkọ́. Tó bá dúró, ikọ́ náà á dúró.

"Bàbá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń rán ìbòmú, kí ló dé tẹ́yin ò wọ̀ ọ́?"

"Tí mo bá wọ̀ ọ́, èémí á gba òkè jáde, á bo awò ojú mi. N ò ní rí abẹ́rẹ́ mọ́. Ṣé kí n rán ìka mi mọ́ ọn ni?"

Àbùmọ́ kúnlẹ̀. "Bàbá, èmi ni mo lé àwọn oníbàárà yín." Ó sọ gbogbo ẹ̀, ó gbé ohùn náà síta fún un.

Ẹnu bàbá kọ́kọ́ fẹ́ rẹ́rìn-ín. "Èmi ni lọ́rì?" Ojú ẹ̀ wá rọ. "Ó dùn ún gbọ́. Ohun tó burú níbẹ̀ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ tó bá dùn ló ń rìn jìnnà. Lọ pè é padà."

Àbùmọ́ gba ohùn mìíràn sílẹ̀: eruku aṣọ ni, irọ́ lòun pa, ẹ má bínú. Ẹnikẹ́ni ò fi ránṣẹ́ síwájú. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ní, "Èyí ò dùn." Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ máa bá a. Ìyẹn dáa. Àmọ́ lójú fóònù, irọ́ ti wọ ọkọ̀ òfuurufú, òótọ́ ṣì ń wá bàtà.

Ó jókòó ti búrẹ́dì, ó ń fi ọwọ́ lọ́ wáyà kékeré tí wọ́n fi so ẹnu ọ̀rá ẹ̀. Ó lọ́ ọ síbí, ó dúró síbí. Ó lọ́ ọ sọ́hùn-ún, ó dúró sọ́hùn-ún. Ó gbé e lé igi imú ara rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́. Wáyà náà di imú mú ṣinṣin.

"Bàbá! Tí wáyà bá wà lókè ìbòmú, ibo ni èémí máa gbà?"

Bàbá wò ó, ó gba wáyà, ó rán an mọ́ etí aṣọ. Ó wọ̀ ọ́, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ imú, ó gbé awò lé e. Ó mí. Awò mọ́ kedere. Ó gbé síṣọ́ọ̀sì, ó gé aṣọ títí eruku fi gbòde. Kò wúkọ́.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gbé maṣíìnì sí iwájú ilé níbi tí gbogbo ayé ti lè rí i. Bàbá wọ ìbòmú oníwáyà, ó ń gé aṣọ, ó ń rán an. Àwọn èèyàn dúró lókèèrè, wọ́n na etí bí ẹni ń retí lọ́rì. Ìyá Oníbúrẹ́dì dúró pẹ́ jù. Nígbà tó yá, ó ké láti òdìkejì: "Àbùmọ́! Lọ́rì yẹn dà?"

Ẹ̀fẹ̀ kan yọ sí ọmọ náà lẹ́nu, ó gbé e mì. "Kò sí lọ́rì, mà. Eruku aṣọ ni."

"Ẹ rán tèmi padà nígbà náà. Kẹ́ ẹ fi wáyà sí i o. Mo ní wáyà rẹpẹtẹ!"

Nígbà tí oníràjà dé lọ́jọ́ Sátidé, ó bá maṣíìnì lẹ́nu iṣẹ́. Ìbòmú ló rà lọ. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo oníbàárà ló padà wá. Àwọn kan ṣì ń sọdá títì, torí ohùn àkọ́kọ́ yẹn ṣì ń rìn kiri ibi tí ọwọ́ Àbùmọ́ ò tó.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ ráhùn, ẹ ṣẹ̀fẹ̀. Ilé há, ọkàn ń fẹ́ atẹ́gùn. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó bù mọ́ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn, ẹ kọ́kọ́ bi í pé kí ló ṣe é, torí ọ̀rọ̀ tó bá ti lọ kì í gbọ́ ìpè.

Àbùmọ́ ṣì ń ka ìròyìn ní balùwẹ̀ o. Ẹ̀fọn ilé wọn ṣì ń fi èjìká gbá ilẹ̀kùn. Ẹ̀fọn kúkú ni, kò ní oníbàárà tó máa sá.