Irọ́ Tí Kò Tó Nǹkan

Ìlà irun méjì péré ló kù láti dì lórí Ràdíátù nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Bàbá rẹ̀ ló ń pè. Mọ́rúfù, awakọ̀ tírélà, ti wà lórí ìlà ní ọ̀nà èbúté Tin Can Island fún ọjọ́ mẹ́ta, ó ń dúró kí wọ́n pe òun wọlé gbé kọntéínà. Awakọ̀ kì í fi ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Tí ìlà bá sún tí wọn ò bá a lórí ìjókòó, ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n ń dá a padà sí. Ará ilé ló ń gbé oúnjẹ lọ bá wọn, àti oògùn.

Oògùn ló wà nínú àpò Ràdíátù lọ́jọ́ náà. Ikọ́ fée ń ṣe bàbá rẹ̀, oògùn tó máa ń fà sẹ́nu sì ti tán láàárọ̀. Ìyá rẹ̀, Mọ́nsúrátù, ti rán an jáde láti aago mẹ́wàá, ó ní kó má yà síbì kankan. Ó yà. Adaobi ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ní kó wá kí òun di irun rẹ̀ kíákíá, torí wọ́n fẹ́ ya fọ́tò kíláàsì wọn lọ́jọ́ kejì. Ta ló sì fẹ́ kí orí tòun nìkan rí wúruwùru láàárín ẹgbẹ́?

"Ràdí, ibo lo dé?" Èémí bàbá ń já lẹ́nu rẹ̀.

"Mo ti dé Wharf Road, Dádì. Mo ti fẹ́ dé ọ̀dọ̀ yín."

Wharf Road kọ́, Wharf Road ni! Ṣọ́ọ̀bù Adaobi ní Ajégúnlẹ̀ ló jókòó sí, tó na ẹsẹ̀ gbọọrọ.

Adaobi rẹ́rìn-ín. "Na small lie. E no dey kill person."

Ọmọ tó mọ bí a ṣe ń fún irọ́ lórúkọ mìíràn ni Ràdíátù. Tí kò bá ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, tó ní òun gbàgbé ìwé sílé, àwáwí ló ń pè é. Tó bá sọ ìjà èèyàn méjì di ti èèyàn mẹ́wàá, àbùmọ́ ni. Èyí tó sọ fún bàbá rẹ̀ yìí, ó ní ìtùnú ni, òun kàn fi ń fọkàn rẹ̀ balẹ̀ ni. Gbogbo orúkọ ló máa ń pè é, àfi irọ́. Ìyá rẹ̀ ti bá a wí títí, ó ti rẹ̀ ẹ́.

Adaobi tú ìlà kan tó wọ́, ó tún un dì. Wákàtí kan kọjá kí Ràdíátù tó wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá dé Boundary, ó sì fẹsẹ̀ rin ìyókù láàárín àwọn tírélà.

Àwọn awakọ̀ ti pé jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ bàbá rẹ̀. Wọ́n ti tẹ́ Mọ́rúfù sórí ẹní, wọ́n sì ti fi aṣọ bo ojú rẹ̀. Dickson, awakọ̀ tó wà níwájú rẹ̀ lórí ìlà, ló di Ràdíátù mú.

"Mo ti pe kẹ̀kẹ́ tó máa gbé e lọ sọ́sípítù," ni Dickson wí. "Ó kọ̀. Ó ní ọmọ òun ti dé Wharf Road, pé tí òun bá lọ, o ò ní bá òun. Ìwọ ló ń dúró dè."

Wọ́n sin ín lọ́jọ́ náà. Nígbà àdúrà ọjọ́ kẹjọ, Mọ́nsúrátù ń sọ fún àwọn tó wá kí wọn pé gòsílóò ni kò jẹ́ kí ọmọ òun tètè dé, pé ọmọ náà gbìyànjú. Àwọn àgbà ń gbé ọwọ́ lé Ràdíátù lórí, wọ́n ń ṣàdúrà fún un, àdúrà náà sì ń ta á bí ata. Nígbà tí èrò túká, ó kúnlẹ̀, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀.

Ìyá rẹ̀ ò sunkún, kò sì nà án.

"Ó gbà ẹ́ gbọ́," ló wí. "Ohun tó pa á nìyẹn."

Láti ọjọ́ náà, tí Ràdíátù bá ní òun ti jẹun, ìyá rẹ̀ á ṣí ìkòkò wò. Tó bá ní orí ń fọ́ òun, kò ní dá a lóhùn.

Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ lè pe irọ́ ní àwàdà, ẹ lè pè é ní ìtùnú. Irọ́ ni. Lẹ́nu ẹni tó pa á nìkan ló ti ń kéré, ẹni tí wọ́n pa á fún ló ń rù ú. Mọ́rúfù ru ti ọmọ rẹ̀ títí èémí fi tán nínú rẹ̀.