Ilé Aláró Tó Wà Lójú Ìwé Kẹjọ

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ ni mo fẹ́ sọ ọ́, mi ò ní bu iyọ̀ sí i. Ẹni tó bá mọ̀ mí dáadáa ní Dópèmú lè ní, "Fúnkẹ́mi? Òpùrọ́ ni." Wọn ò parọ́ mọ́ mi. Ṣùgbọ́n láti bí oṣù méjì sẹ́yìn, ẹ̀rù irọ́ ń bà mí. Bí wọ́n bá bi mí pé kí ni mo jẹ láàárọ̀, mo máa ń rò ó dáadáa kí n tó dáhùn.

Ilé-iṣẹ́ bísíkíìtì kan ní Ìkẹjà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mò ń rí sí ìtọ́jú àwọn òṣìṣẹ́. Ìyá Ẹ̀gbá ni gbogbo wọn ń pè mí, nítorí kò sí ọjọ́ tí n kì í fi Abẹ́òkúta yangàn. Ọmọ ibẹ̀ ni bàbá mi lóòótọ́. Ṣùgbọ́n Agége ni wọ́n bí mi sí, Agége ni mo ti lọ iléèwé, Dópèmú ni mò ń gbé. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni mo dé Abẹ́òkúta láyé mi, ìsìnkú ló sì gbé mi lọ nígbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ má dá mi lẹ́jọ́ o. Ẹ bi ara yín, ìgbà wo lẹ dé ìlú yín kẹ́yìn?

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ ní kí àwọn òṣìṣẹ́ lọ ṣe fàájì ọjọ́ kan ní Abẹ́òkúta, ọ̀gá wa, Ọ̀gbẹ́ni Oyèdìran, pè mí. Ọmọ Èkìtì ni wọ́n.

"Ìyá Ẹ̀gbá, ẹ bá wa kọ ìwé afinimọ̀nà. Ojú ìwé mẹ́jọ. Kì í ṣe ohun tí gbogbo ayé mọ̀ o. Ohun tí ọmọ ìlú mọ̀ ni kẹ́ ẹ kọ."

Kí n wá ní mi ò mọ̀ ọ́n? Èmi, Ìyá Ẹ̀gbá?

Mo kọ Òkúta Olúmọ. Mo kọ ọjà àdìrẹ ní Ìtòkú. Mo kọ Láfẹ́nwá àti odò Ògùn. Mo ní kí wọ́n jẹ láfún, kí wọ́n wọ bàtà pẹlẹbẹ, kí wọ́n má ya àgbàlagbà ní fọ́tò láìtọrọ ààyè. Ojú ìwé méje kún. Ìkẹjọ ṣófo. Búrẹ́dì Agége àti ẹ̀wà ni mò ń jẹ lọ́wọ́ nígbà tí mo hùmọ̀ ilé kan látinú orí ara mi.

"Ẹ lọ sétí odò. Ẹ máa rí igi gúáfà kan tó tẹ̀ bí arúgbó. Àtẹ̀gùn òkúta méje wà lẹ́yìn rẹ̀. Ilé màmá aláró ló wà nísàlẹ̀. Màmá á kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń di aṣọ, bí wọ́n ṣe ń rẹ ẹ́ sínú aró. Ẹni tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ rẹ aṣọ kì í kúrò níbẹ̀ kí aṣọ tó gbẹ."

Ẹ̀rù wá ń bà mí pé wọ́n lè béèrè lọ́wọ́ ará ìlú, kí àṣírí mi tú. Mo fi ìlà kan kún un: "Màmá kì í ṣílẹ̀kùn fún ọmọ ìlú. Àlejò nìkan ló ń gbà." Mo kọ orúkọ mi sísàlẹ̀: Ìyá Ẹ̀gbá, ọmọ bíbí Abẹ́òkúta. Mo rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn sí ọgbọ́n orí mi.

Mi ò bá wọn lọ. Mo ní orúnkún ń dùn mí. Ọmọ mi, Ọmọ́bọ́láńlé, ló gba ààyè mi nínú bọ́ọ̀sì. Òun nìkan ni mo bí. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni, ó ti parí yunifásítì, ó ń retí ìpè fún iṣẹ́ àgùnbánirọ̀.

Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni bọ́ọ̀sì padà dé. Màrdíyyàh, ọ̀kan nínú àwọn tó ń di bísíkíìtì sínú páálí, ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀. Ó dì mọ́ mi.

"Ìyá Ẹ̀gbá, ẹ kú iṣẹ́! Ilé màmá aláró yẹn ju gbogbo rẹ̀ lọ!"

"Ilé ta ni?"

"Màmá ojú ìwé kẹjọ. Igi gúáfà, àtẹ̀gùn méje, bẹ́ ẹ ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́."

Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀. Bọ́ọ̀sì ti ṣófo.

"Láńlé ńkọ́?"

"Ó dúró. Àwa kàn ń wòran ni, òun nìkan ló tọwọ́ bọ aró. Ó ní aṣọ òun ò tíì gbẹ. Ṣé kò pè yín ni?"

Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni fóònù mi dún.

"Mọ́mì, ẹ má bínú. Ọ̀la ni mo máa wá. Aṣọ ò tíì gbẹ."

Inú rẹ̀ ń dùn. Mò ń gbọ́ omi tó ń kán lẹ́yìn rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì: "Ó kù díẹ̀, Mọ́mì." Lọ́jọ́ kẹta: "Kò tíì gbẹ." Bẹ́ẹ̀, oòrùn ń mú gan-an lásìkò yẹn. Aṣọ tí mo bá sá sẹ́yìn ilé kì í lò ju wákàtí kan lọ. Mo lọ bá ọlọ́pàá. Wọ́n ní ọmọ tó ń gbé fóònù ò sọnù. Lọ́jọ́ kẹrin, mo bú u. Mo ní kó sọ aṣọ nù, kó máa bọ̀ wálé.

"Ilẹ̀kùn wà níbẹ̀, Mọ́mì. Mò ń rí i. Àmọ́ tí mo bá ti dìde, aṣọ á kán sí mi lẹ́sẹ̀, màá tún jókòó."

Kò sunkún. Bó ṣe máa ń sọ pé garawa ti kún ló ṣe sọ ọ́. Èmi ni mo sunkún.

Mo gbéra. Ọ̀sán gangan ni mo dé etí odò, ìwé tí mo kọ wà lọ́wọ́ mi. Ọkùnrin kan tó ń wa iyanrìn ní òun ò mọ ilé kankan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rí igi gúáfà, ó tẹ̀ bí arúgbó. Mo ka àtẹ̀gùn, ó pé méje. Koríko ló wà nísàlẹ̀, omi ló wà lẹ́yìn koríko. Kò sí ilé. Òórùn aró ṣáà kún imú mi.

Mo pè é. "Láńlé, mo ti dé. Jáde."

"Mò ń gbọ́ ohùn yín lẹ́nu ọ̀nà, Mọ́mì. Màmá ní ọmọ ibo ni yín?"

"Sọ fún wọn pé ọmọ Agége ni mí! Agége ni wọ́n bí mi sí! Mi ò mọ ibí rárá!"

Mo gbọ́ bó ṣe ń sọ ọ́. Mo gbọ́ ẹnìkan tó rọra rẹ́rìn-ín.

"Màmá ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe kọ ọ́."

Yéè! Ẹnu mi kó bá mi. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn yẹn, mò ń pe orúkọ ọmọ mi, odò sì ń lọ jẹ́jẹ́ níwájú mi. Inú ọkọ̀ ni orí mi ti wá ṣí nígbà tí mò ń padà bọ̀. Ohun tí mo kọ ló mú un dání. Ohun tí mo bá kọ ló máa tú u sílẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo tún ojú ìwé kẹjọ tẹ̀: "Aṣọ á gbẹ. Ilẹ̀kùn á ṣí. Ọmọ́bọ́láńlé á gbé aṣọ rẹ̀, á padà sílé ìyá rẹ̀ ní Dópèmú, á sì wọlé ní àlàáfíà." Mo ṣe é ní ogójì, mo pín in káàkiri ilé-iṣẹ́ bíi ti àkọ́kọ́. Ọ̀gbẹ́ni Oyèdìran wò mí.

"Ìyá Ẹ̀gbá, ṣé kò sí ìṣòro o?"

"Ẹ ṣáà bá mi kà á, sà. Ẹ jọ̀ọ́."

Wọ́n wọ awò ojú, wọ́n sì kà á sókè ketekete. Ọlọ́run á san án fún wọn.

Aago mẹ́ta ọ̀sán ni Láńlé pè. "Mọ́mì! Ó ti gbẹ! Mo ti ń bọ̀!"

Mo sáré délé. Mo jókòó sórí àga mi ní pálọ̀, mo dojú kọ ilẹ̀kùn. Ó pè nígbà tó wọ Dópèmú. Ó tún pè.

"Mo ti wọlé, Mọ́mì. Níbo lẹ wà?"

Ilẹ̀kùn ò mì.

"Mo wà ní pálọ̀."

"Pálọ̀ lèmi náà wà. Orí àga yín ni mo jókòó sí."

Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà báyìí. Ojoojúmọ́ là ń sọ̀rọ̀. Bó bá ní wọ́n ti mú iná wá, tí mo bá gbójú sókè, iná á ti dé lóòótọ́. Ó ń jẹun, ara rẹ̀ le. Ó ní ilé kàn dákẹ́ jù ni. Mo ti ka ojú ìwé yẹn títí ó fi fẹ́ ya. Gbogbo ohun tí mo kọ ló ṣẹ. Mi ò kọ ọ́ pé ó máa bá mi nílé.

Lánàá, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀ díẹ̀. "Mọ́mì, ìgbà wo gan-an lẹ máa wálé?"

Mo ní ọ̀la ni. Tákàdá ti wà níwájú mi báyìí. Mo ti kọ orúkọ mi, mo ti kọ Dópèmú, ó ku ìlà kan tó máa gbé mi lọ bá a. Màrdíyyàh máa wá kí mi láago márùn-ún. Mo ti sọ fún un pé tó bá kanlẹ̀kùn tí mi ò dáhùn, kó má bínú, kó ṣáà máa wọlé.