Sátidé Tí Ẹgbẹ́ Rubén Kò Rí Ẹni Bá Gbá

Kọfí ni mò ń tà lẹ́nu ọ̀nà pápá kọ́lẹ́jì ìlú wa, ní Gúúsù Dakota nílẹ̀ Amẹ́ríkà, lọ́jọ́ tí Rubén Sandoval kọ́kọ́ bá mi sọ̀rọ̀. Ó ti fẹsẹ̀ rọ́, kò lè bá ẹgbẹ́ rẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù alákoto, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sá, lọ́jọ́ náà. Ó tọ́ kọfí mi wò, ó bi mí bóyá omi ìfọbọ́ ni. Mo ní kó dá a padà bí kò bá dùn mọ́ ọn. Kò dá a padà. Ẹ̀gbẹ́ mi ló dúró sí títí eré fi parí.

Ọdún yẹn ni kọ́lẹ́jì náà kúrò nínú líìgì tó wà, kò sì tíì wọ òmíràn. Àwọn aládùúgbò tí wọ́n ti ń bá gbá tẹ́lẹ̀ ò ráyè tiwọn mọ́. Ibikíbi tí wọ́n bá ti rí ẹni gbà wọ́n lálejò ni bọ́ọ̀sì wọn ń lọ: Texas lọ́sẹ̀ yìí, Ohio lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí wọ́n tilẹ̀ borí gbogbo ayé, kò sí ife ẹ̀yẹ kankan níwájú.

Inú bọ́ọ̀sì ni Rubén ti ń pè mí. Ìfẹ́ rẹ̀ wọ̀ mí lára débi pé bí fóònù mi ò bá dún, mo máa ń gbé e dání káàkiri ilé.

Màámi ò fẹ́ gbọ́ rárá. Opó ni wọ́n, àwọn nìkan ló ń dá oko tí bàbá mi fi sílẹ̀. Wọ́n ní ọmọ El Paso ní Texas ni Rubén, bó bá ti gbàwé ẹ̀rí tán, ó di ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀.

“Marlys, ẹni tí kì í gbélé, ilé ta ni yóò bá ọ gbé?”

Nínú oṣù kẹwàá, ẹgbẹ́ kan tó yẹ kí wọ́n bá gbá yẹ àdéhùn. Sátidé ṣófo. Àwọn yòókù ń sùn, Rubén yá ọkọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó wá sí oko wa láìsọ fún mi. Àgbàdo ṣì wà lóko, yìnyín sì ti ń sún mọ́lé. Màámi bi í bóyá ó ti kórè rí. Ó ní rárá, mà, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn òun le. Wọ́n fún un ní ṣọ́bìrì, wọ́n ní kó wọ inú àká lọ kó àgbàdo ọdún tó kọjá kúrò, kí tuntun lè ráyè.

Nígbà tó fi máa jáde, eruku àgbàdo ti sọ ọ́ di arúgbó. Màámi bu ọbẹ̀ fún un, wọ́n tún bu sí i láì bi í.

Ó gbé ṣíbí sílẹ̀. “Mà, mi ò ní purọ́ fún yín. Mo fẹ́ràn El Paso, ibẹ̀ ni ìyá mi wà. Ṣùgbọ́n gbogbo ibi tí bọ́ọ̀sì yẹn ń gbé mi lọ, Marlys ni mo máa ń fẹ́ ròyìn rẹ̀ fún.”

Màámi ti àwo ọbẹ̀ náà sún mọ́ ọn. “Jẹun, kó má tutù.”

Montana ni wọ́n ti gbá eré tó kẹ́yìn lọ́dún náà. Màámi fúnra wọn ló wa ọkọ̀ wa débẹ̀. Àwọn onílé na ẹgbẹ́ Rubén ní ìnà tó dùn wọ́n. Rubén wá bá wa lẹ́bàá ọgbà, yìnyín ń bọ́ sórí rẹ̀, ó sì bẹ Màámi pé kí wọ́n fún òun ní ọmọ wọn.

“Mi ò ní í fún ọ,” ni Màámi wí. “Òun ni kó o bi.”

Ó yíjú sí mi. “Olólùfẹ́ mi…”

Mo ti ní bẹ́ẹ̀ ni kó tó parí ọ̀rọ̀.

Màámi ló ní El Paso ni ká ti ṣe ìgbéyàwó, pé ẹni tí a fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, ilé rẹ̀ là ń wá. Ìyá Rubén ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Màámi ò gbọ́ Sípáníìṣì. Bí àlùfáà ti ń so wá pọ̀, mo bojú wẹ̀yìn: àwọn méjèèjì di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọ́n ń sunkún.